Ta Ló Bá Yín Ṣe Iná Yìí?

Ìbéèrè táwọn oníbàárà mi máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, pàápàá àwọn tó ń wá gba aṣọ lálẹ́ tí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á dúró sójú títì, wọ́n á gbójú sókè sí etí òrùlé wa, wọ́n á máa wo bí pupa ṣe ń sáré lọ tó ń di góòlù, tí góòlù ń yọ́ di àwọ̀ ewé. Tí mo bá ní èmi ni mo ṣe é fúnra mi, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun ò bínú, pé tí mi ò bá fẹ́ júwe oníṣẹ́ mi fún òun, kí n kúkú sọ ọ́.

Aránṣọ ni mí lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ilé bàbá wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Alhájì àti Màmá ń gbé lókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè gé kóòtù, kó sì fi láínì sí i láì hunjọ, wáyà mẹ́ta ò lè ba irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́rù. Mo ń kọ èyí kí n lè máa fi han ẹni tó bá bi mí, kí n yéé dúró rojọ́ lójú títì. Ẹni tí mo sì ní lọ́kàn ni ẹni tí Nẹ́pà ń mú iná rẹ̀ lọ. Ibi tí iná kì í lọ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ yìí ń gbé, wọn kì í ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí iná bá lọ tó tún dé ní aago méjì òru.

Gílóòbù olówó ńlá ló jẹ́ ká mọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi kó méjì wá láti London, irú èyí tí èèyàn ń fi fóònù yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n kó tó gbọ́ràn, fóònù ní láti kàn sí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun, kọ̀ǹpútà yẹn ni yóò wá pàṣẹ fún gílóòbù tó wà lókè orí yín. Tí dátà bá tán, ẹ máa pariwo mọ́ gílóòbù lásán ni. Èyí tó burú jù ni pé nígbàkigbà tí iná bá dé, ṣe ló máa ń tàn funfun báláú, ẹ̀ báà ti pa á kẹ́ ẹ tó sùn. A fi ọ̀kan sí yàrá Alhájì. Lóru ọjọ́ kan, Nẹ́pà mú iná lọ, wọ́n dá a padà, yàrá mọ́lẹ̀ kedere, Alhájì sì dìde. Wọ́n ti bu omi sí kẹ́tùlù àlùwàlá, wọ́n ti ń pe Màmá pé ilẹ̀ ti mọ́, kí wọ́n tó wo aago. Láàárọ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn yọ gílóòbù náà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọn ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo wá fẹ́ ṣe ti iwájú ilé, mo ti mọ ohun tí mi ò fẹ́. Iná tí mo máa ṣe kò gbọdọ̀ máa tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò gbé inú ilé wa. Kò sì gbọdọ̀ jẹ ju ohun tí ínfátà lè gbé lọ. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Fífi fóònù yí àwọ̀ padà, ìyẹn ò le rárá, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ iná náà ló gba làákàyè.

Strip, okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n to ẹyọ iná kéékèèké sí lára, ni mo lò, WS2812B ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, ẹ kọ ọ́ sínú bébà kẹ́ ẹ fi han ẹni tó ń tà á ní Alaba tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà. Tẹ́ ẹ bá ní LED strip lásán, èyí tí gbogbo rẹ̀ máa ń jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n máa gbé fún yín, tòun ti rìmóòtù kékeré funfun. Ojú lásán ṣeé fi dá wọn mọ̀. Ti rìmóòtù yẹn ní ojú wáyà mẹ́rin. WS2812B ní mẹ́ta péré: pósítíìfù, négétíìfù, àti ti àárín tó ń gbé àṣẹ. Ẹ tún tẹjú mọ́ inú ẹyọ iná kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò rí nǹkan dúdú tíńtín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí pupa, ewé àti búlúù wà. Chip nìyẹn, ọpọlọ kékeré tó ń gba àṣẹ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀.

Bí àṣẹ ṣe ń rìn nínú rẹ̀ wù mí púpọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà níbẹ̀rẹ̀ máa ń to gbogbo àwọ̀ tẹ̀lé ara wọn, á wá tì wọ́n sínú wáyà àárín. Ẹyọ àkọ́kọ́ á mú ìpín tirẹ̀, á ti èyí tó kù sí ìkejì, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé àwo ẹran kiri níbi àsè tí kálukú ń mú ẹyọ kan, tó ń gbé àwo fún ẹni tó jókòó tì í. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: bí 30 nínú rẹ̀ péré ni ẹyọ kan fi ń mú tirẹ̀. Kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé, 300 ẹyọ ti gba àwọ̀ tán, ojú ò sì lè mọ̀ pé ẹnì kan ṣíwájú ẹnì kan. Àléébù rẹ̀ ni pé tí ẹyọ kan bá kú, àwo ò kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn á dákẹ́. Ẹ óò gé òkú náà kúrò, ẹ óò fi lẹ́ẹ̀dì (òjé yíyọ́ táwọn onírédíò fi ń so wáyà pọ̀, kì í ṣe LED) jó òmíràn sípò rẹ̀. Ọfà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára strip ló ń fi ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà hàn. Ẹni tó bá ti ìdí rẹ̀ so wáyà àṣẹ, kò ní bàjẹ́, kò kàn ní dáhùn ni.

Ó yá, ìṣirò. Mo fi téèpù ṣọ́ọ̀bù wọn iwájú ilé, ó jẹ́ mítà 10, ìyẹn bíi yáàdì 11. Strip oní-30 ni mo rà, èyí tí ẹyọ 30 wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 300. Ẹyọ kan tó bá tan funfun dé góńgó lè jẹ tó 60 mílíámpù (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló ń di ámpù kan): 20 fún pupa, 20 fún ewé, 20 fún búlúù. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 300, ámpù 18 nìyẹn. Ní fóòtì (volt) 5, wáàtì 90 ni. Ẹni tó bá ra oní-60, ìlọ́po méjì ni tirẹ̀. Àwọn kan á gbọ́ "fóòtì 5", wọ́n á rò pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Lóòótọ́ kò lè gbé èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ gba ámpù 18 kọjá nínú wáyà rédíò tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ wò ó: rọ́bà ara wáyà á yọ́, ohun tó ń tẹ̀ lé e kì í sì í ṣe iná ọdún.

Àmọ́ ta ló nílò wáàtì 90? Nínú òkùnkùn, iná tó bá tàn dé góńgó máa ń ta ojú ni, àwọ̀ rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ìdajì rẹ̀ ti pọ̀. Nínú áàpù tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, àyè kan wà tẹ́ ẹ ti lè kọ iye tí iná náà kò gbọdọ̀ jẹ kọjá. Mo kọ 6,000 mílíámpù, ìyẹn ámpù 6, tí í ṣe wáàtì 30. Ohunkóhun tí mo bá ní kó ṣe, òun fúnra rẹ̀ á ṣírò, á dín ìmọ́lẹ̀ kù kó má baà kọjá ibẹ̀. Fáàńù òkè tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ń jẹ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Bátìrì ínfátà wa, fóòtì 12, 200Ah, lè gbé bíi wáàtì 2,400 fún wákàtí kan tó bá kún. Tí iná yìí bá tàn fún wákàtí márùn-ún, 150 ló máa bù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá fi owó Nẹ́pà wò ó. Iye tí wọ́n kéde fún Band A ní oṣù Kẹrin 2024, ₦225 fún yúníìtì kan, ìyẹn wáàtì 1,000 fún wákàtí kan (ìgbà tí wọ́n gbé e sókè láti ₦68 tí gbogbo ayé figbe ta), tí a bá fi ṣírò, alẹ́ kan ò tó náírà 35. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí lójú Alhájì tán ni wọ́n tó gbà kí n kan ohunkóhun mọ́ ilé wọn.

Ohun kan wà tí ojú ò lè gbà gbọ́ àfi tó bá rí i. Kí n tó gbé strip náà sókè, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ, mo yí i lọ yí i bọ̀, mo so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan mọ́ iná, mo ní kí gbogbo rẹ̀ tan funfun. Ìbẹ̀rẹ̀ funfun nẹ́nẹ́. Láàárín, ó ti ń ràn bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ sí pupa rúsúrúsú. Nígbà tó fi máa dé òpin, ó ti di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ní, "Màdáàmù, ìdí ẹ̀ ti jó." Kò jó. Kọ́pà tí wọ́n tẹ̀ sínú strip ló tín-ín-rín, fóòtì 5 tó wọlé ń dínkù bó ṣe ń rìn lọ. Pupa ò nílò ju bíi fóòtì 2 lọ kó tó tàn, ṣùgbọ́n ewé àti búlúù ń fẹ́ bíi 3. Tí oúnjẹ bá wá ṣẹ́kù díẹ̀, búlúù àti ewé ló ń kọ́kọ́ pebi, pupa nìkan ló kù tó ń ṣe fújà. Búlúù yìí ti pẹ́ tó ti ń fi ìnira bá aráyé: láti àwọn ọdún 1960 ni LED pupa ti wà, ṣùgbọ́n ó di àwọn ọdún 1990 káwọn ará Japan tó ṣe búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa, Akasaki, Amano àti Nakamura sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2014. Láìsí búlúù wọn, kò sí iná funfun nínú LED, kò sì sí iwájú ilé wa.

Ohun tó wo àìsàn yẹn sàn ni pé kí ẹ bọ́ strip náà níbi púpọ̀. Mo fa wáyà 2.5, irú èyí táwọn oníná fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé, gba ẹ̀yìn etí òrùlé, mo so pósítíìfù àti négétíìfù mọ́ strip níbẹ̀rẹ̀, láàárín, àti lópin. Wáyà àṣẹ ò ní í ṣe pẹ̀lú èyí, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, funfun di funfun láti ìgun dé ìgun.

Bọ̀dá tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀. Aṣọ ni wọ́n fi gba owó wọn, mo dá agbádá fún wọn, ó sì yẹ wọ́n. Àwọn ló ní kí n wo ẹ̀gbẹ́ power supply, àpótí tó ń sọ iná ilé di fóòtì 5, kí n tó ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Onírin tó ń ti China wá ni mo rà, fóòtì 5, ámpù 10. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, nínú ihò tóóró kan, súìsì pupa kékeré wà: 110 lápá kan, 220 lápá kejì. Tó bá wà lórí 110 tẹ́ ẹ wá fi iná Nàìjíríà bọ̀ ọ́, ẹ óò gbọ́ ìró rẹ̀ látinú yàrá kejì. Ẹ fi sukurudíráfà tì í sí 220. Ẹ má fo wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, ti ilẹ̀, torí irin ni ara rẹ̀. Lórí pósítíìfù tó ń jáde, mo fi fíúùsì mọ́tò sí i, oní-10, èyí tí wọ́n ń tà ní ọ̀dọ̀ àwọn onípáàtì. Ẹ sì jẹ́ kí négétíìfù power supply àti ti kọ̀ǹpútà kékeré yẹn pàdé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn iná náà á máa ṣẹ́jú bó ṣe wù wọ́n.

Kọ̀ǹpútà kékeré tí mò ń wí yìí ni ESP32. Ilé iṣẹ́ Espressif ní Shanghai ló ń ṣe chip rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, ESP8266, tó jáde ní 2014, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó sì dínwó jù ú lọ. Pátákó ESP32 ò ju ìka méjì lọ, Wáìfáì wà lára rẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé fóòtì 3.3 ló fi ń sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé strip tó ń jẹ fóòtì 5 ń retí ó kéré tán 3.5 kó tó gbà pé wọ́n bá òun sọ̀rọ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kó wá di pé ó ń ṣe ségesège nígbà tó bá gòkè. Chip kan wà tó ń gbé ohùn yẹn sókè, 74AHCT125. Ṣùgbọ́n bọ̀dá onírédíò ní ọgbọ́n tó dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n mú díódù 1N4007 kan, ẹ̀yà rédíò kékeré, látinú agolo mílíìkì tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí, wọ́n ní kí n gé ẹyọ àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, kí n jẹ́ kí pósítíìfù rẹ̀ gba inú díódù kọjá. Díódù á jẹ bíi 0.7, á ṣẹ́ku 4.3 fún ẹyọ yẹn. Ẹni tó ń jẹ 4.3, tó bá ti gbọ́ 3 ó ti tó o, ó lè gbọ́ 3.3 ketekete, nígbà tó bá sì ń ti àṣẹ síwájú, ohùn 4.3 ló fi ń tì í, tí àwọn tó kù á gbọ́. Wọn ò lọ yunifásítì o.

Áàpù tó ń darí gbogbo rẹ̀ ni WLED. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn èèyàn káàkiri ayé ló ń ṣe é pọ̀, kò sí owó oṣù tẹ́ ẹ máa san. Ẹ óò fi wáyà so ESP32 mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ óò ṣí ojú ewé wọn nínú Chrome, ẹ óò tẹ ibi kan, ó parí. Lẹ́yìn náà, ESP32 á di Wáìfáì fúnra rẹ̀. Ẹ wá a lórí fóònù, WLED-AP lorúkọ rẹ̀, páswọ́ọ̀dù rẹ̀ ni wled1234, ẹ sì kọ 4.3.2.1 síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì. Ojú ewé tó máa yọ síta yẹn, inú ESP32 ló ń gbé. Tí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà bá kú lónìí, iná wa á máa gbọ́ràn. Tẹ́ ẹ bá tẹ pupa tí ewé bá yọ, ẹ má ba ara yín jẹ́, inú sẹ́tìnì ni wọ́n ti ń tún un ṣe: ẹ yàn GRB (ewé, pupa, búlúù) dípò RGB (pupa, ewé, búlúù), torí ewé ni WS2812B ń kọ́kọ́ gbà.

Ẹ yí páswọ́ọ̀dù yẹn padà lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo ẹni tó mọ WLED ló mọ̀ ọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì wà lára wọn. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wá ṣe ìpàdé lọ́dọ̀ Màmá, wọ́n ń kọrin ìyìn lọ́wọ́, ni iwájú ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bíríbírí, gbogbo àwọ̀ ló ń sá lu ara wọn. Ìyá kan ní ṣé ilé ijó ni wọ́n ti sọ ilé Alhájì dà ni.

Ohun tí Nẹ́pà kọ́ wa nípa gílóòbù London, WLED ní ìdáhùn sí i. Ẹ lè sọ fún un ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe nígbàkigbà tí iná bá dé bá a. Mo ní kó dákẹ́, kó má tàn, àfi tí wọ́n bá pè é. Fún ti aago, mo jẹ́ kó máa wọ MiFi ilé kó lè mọ agogo mélòó ló lù. Dátà tó ń jẹ lórí ìyẹn ò tó nǹkan. Ó tún bi mí nípa ibi tí ilé wa wà lórí ilẹ̀ ayé, mo kọ ti Ìbàdàn, 7.4 sí àríwá àti 3.9 sí ìlà oòrùn, láti ìgbà náà òun fúnra rẹ̀ ló ń mọ ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, bíi aago mẹ́fà ààbọ̀ nínú oṣù Kejìlá. Ohun mìíràn táwọn èèyàn kì í kà sí ni pé ẹyọ tó kú lójú kò kú ní inú: chip kọ̀ọ̀kan ṣì ń jẹ tó bíi mílíámpù kan, 300 wọn lè jẹ tó wáàtì kan ààbọ̀ ní gbogbo ọ̀sán láìṣe nǹkan kan. Rìléè kékeré kan, súìsì tí ESP32 ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, ni mo fi ń já oúnjẹ wọn tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ti kíkàn án mọ́ ògiri, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni mo ní. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn strip ò ní pẹ́ tú nínú oòrùn wa, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn páìpù funfun tí oníná ń fi bo wáyà, a là wọ́n sí méjì gbọọrọ, a kàn wọ́n mọ́ abẹ́ etí òrùlé, a tẹ́ strip sínú wọn. A sì jẹ́ kó kọjú sí ògiri, kó kẹ̀yìn sí títì. Ọ̀pọ̀ ló ń kọjú iná sí àwọn èèyàn, kóówá á máa rí àmì tó-tò-tó lójú lẹ́yìn tó bá ti kọjá. Tó bá kọjú sí ògiri, ògiri ló ń mọ́lẹ̀, àwọ̀ á sì tú ká wẹ́rẹ́. Èyí tó ní rọ́bà lára ni kẹ́ ẹ rà, torí òjò lè bá Iléyá, ọyẹ́ inú oṣù Kejìlá sì ń kó erùpẹ̀ sí gbogbo ihò. Àwọn tí inú wọn dùn jù sí iṣẹ́ mi ni àwọn ọmọńlé. Kòkòrò ń bọ̀ síbi iná, ọmọńlé ń jókòó dè wọ́n. Mo ti ṣàkíyèsí pé kòkòrò kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ góòlù tàbí pupa ló ń tàn. Tó bá jẹ́ búlúù tàbí funfun, wọ́n á pe ẹbí pe ará.

Mo wá dé ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wúlò: àwọ̀. Ilé onímùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ni tiwa, kò sí ọdún tá a kì í ṣe. Kérésì gba pupa àti góòlù, mo sì jẹ́ kó máa lọ jẹ́jẹ́. Ítúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá gba ewé àti funfun, dúró digbí, kò gbọdọ̀ sáré, Alhájì ò fẹ́ iná tó ń sáré. October 1, mo pín 300 sí ọ̀nà mẹ́ta, 100 ewé, 100 funfun, 100 ewé. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ará ìlú wa nihìn-ín ló ya àsíá náà: Bàbá Táíwò Akínkúnmi, tí wọ́n gbé Ìbàdàn yìí títí wọ́n fi dolóògbé ní 2023, tí wọ́n sì kun ilé tiwọn ní ewé àti funfun. Àwọn iná Ajose Adeogun ní Victoria Island tí gbogbo Èkó ń lọ wò nínú oṣù Kejìlá rẹwà, mi ò sọ pé kò rẹwà, ṣùgbọ́n wọn ò ní ti October 1 tiwa.

Àwọn àwọ̀ aṣọ òkè ló fún mi níṣẹ́ ṣe. Ìyá ìyàwó kan rí iná wa, wọ́n ní kí n fi àwọ̀ aṣọ ẹbí wọn tàn án lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa wá kó aṣọ. Tó bá jẹ́ àlàárì, ẹ̀rín ni: pupa 170 nínú 255 tó jẹ́ góńgó, ewé òdo, búlúù 30, ó ti jáde, ẹni tó rí i ò ní béèrè. Ẹtù ni kò ṣeé mú. Ẹtù dúdú, iná ò sì lè dúdú. Bí ẹ bá dín búlúù kù títí, yóò kàn kú ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹyọ má tàn rárá, kí òkùnkùn fúnra rẹ̀ jẹ́ aṣọ; láàárín wọn, mo jẹ́ kí ẹyọ díẹ̀díẹ̀ tan búlúù jíjìn, mo sì fi ẹyọ kan tó fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ojú ọ̀run sí wọn láàárín ní àyè ọgbọọgba, fún ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà lára ẹtù. Láti òdìkejì títì, ó jọ ọ́.

Sányán ló le jù nínú gbogbo wọn. Àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́ ni sányán, irú àwọ̀ yẹn ò sì sí nínú iná. Ohun tí ojú ń pè ní búráùn, ọsàn tó ṣókùnkùn ni, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ẹ gbé ọsàn tó ṣókùnkùn sínú òru tí kò sí ohun tó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú á ní ọsàn lòun rí. Mo gbìyànjú títí, mo wá rí i pé tí mo bá tan funfun tó gbóná díẹ̀ sí àwọn ẹyọ apá kan, kí n wá jẹ́ kí ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú á fi wọ́n wéra, ọsàn yẹn á sì wọlẹ̀ díẹ̀ di ohun tó fara pẹ́ sányán. Ògiri wa tó jẹ́ kíríìmù ràn mí lọ́wọ́. Lórí ògiri funfun, mi ò rò pé ó lè ṣeé ṣe. Ìyá ìyàwó náà wò ó, wọ́n mú aṣọ wọn gbé sókè, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n ti àlàárì dáa jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Fún àwọn tó bá fẹ́ kí iná máa jó tẹ̀ lé orin, maikirofóònù kékeré kan wà, INMP441, tí wọ́n ń so mọ́ ESP32. ESP8266 ò lágbára iṣẹ́ yìí tó. A dán an wò lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ mi kan ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù. Orin fújì ò dá a sí. Ìlù pọ̀ jù nínú fújì, kò sí àyè kankan tí ohùn ti sinmi, iná náà ò mọ èyí tó máa gbà lára àwọn ìlù náà, ó kàn ń gbọ̀n ni. Ìgbà tí wọ́n gbé jùjú sí i ló tó balẹ̀, tó ń wú tó ń rọlẹ̀ pẹ̀lú gìtá. Ẹ lè dín etí rẹ̀ kù nínú sẹ́tìnì fún fújì, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn afújì ò ní gbà fún yín pé kẹ́ ẹ dín ohunkóhun kù.

Mi ò kọ iye owó síbí torí iye tí mo rà á kọ́ lẹ máa bá lọ́jà. Àtẹ̀gùn ló kù tí mo fẹ́ ṣe. WS2815 ni mo máa lò síbẹ̀: fóòtì 12 ló ń jẹ, ara rẹ̀ kì í tètè rẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn, ó sì ní wáyà àṣẹ kejì, tí ẹyọ kan bá kú, àwọn tó kù á máa tàn. Ṣùgbọ́n aṣọ ọdún àwọn èèyàn ṣì wà nílẹ̀ bíi òkìtì, ìyá ọlọ́jà kan sì ti pè mí láàárọ̀ yìí lórí ìró àti bùbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn ọdún.